Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì àti Ẹ̀kọ́ Àtòkèèrè

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ àtòkèèrè lónìí, àrùn Kòrónà ọdún 2020 ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ṣòfin láti dá odindi yunifásítì kan sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ta ni wọ́n fi ṣe gíwá rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó ni, ẹni tí ó ti kọ ìwé ní ọdún 1966 lórí bí ilẹ̀ tí Yorùbá ń gbé ṣe kan àṣà wọn. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún náà, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ti yunifásítì náà pa. Wọ́n ní ohun èlò kò sí. Ìgbà tí Ọbásanjọ́ padà dé orí àlééfà ni wọ́n tó jí i dìde. Èyí dùn mí títí di òní, nítorí odindi ìran olùkọ́ kan ni ì bá ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ẹni tí a kò rí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé pa. Oṣù yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Nígbà tí Èkó àti Ìbàdàn wọlé padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, dátà wọ́n, iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé. Àwọn olùkọ́ mìíràn pa Zoom tì, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú àkọsílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ ọ nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àṣé ọgbọ́n ọdún 1974 náà ni wọ́n padà sí!

Ní ti olùkọ́ èdè Yorùbá, ohùn yìí tilẹ̀ gbè é ju ìwé lọ. Àmì ohùn ṣòro láti tẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ṣùgbọ́n ẹnu kì í sọ ohùn nù. Ìdánwò ni wàhálà wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ “oko” lásán, ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àbí ọkọ̀ ojú omi, àbí ọ̀kọ̀ ọdẹ? Olùkọ́ tí ó ń máàkì ni yóò pinnu.