Ẹ̀rọ iná inú ọ̀pá ẹ̀yìn: Ṣé ó lè jí ẹni tí iyè rẹ̀ kò padà?

Ẹni tí ọkọ̀ gbá, tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọlù, lè lajú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa mí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àsìkò yìí ni àwọn ẹbí kan máa ń gbọ́ nípa ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń fi sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ta ni ẹ̀rọ yìí wà fún gan-an?

Ipò mẹ́ta ló wà

Ẹni tó wà nínú kómà kì í lajú rárá. Ẹnì kejì ń sùn, ó ń jí, àmọ́ kò sí àmì pé ó mọ ohun tó ń lọ. Ti ẹnì kẹta, iyè rẹ̀ ń wá, ó ń lọ: ó lè fojú tẹ̀lé èèyàn lónìí, kó má ṣe é lọ́la.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún 1967, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Norman Shealy, fi irú rẹ̀ tọ́jú ìrora. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn dókítà ní Japan ń lò ó fún àwọn tí iyè wọn kò padà.

Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú eegun ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iṣan ńlá tó lọ sí ọpọlọ. Bátìrì rẹ̀ á wà lábẹ́ awọ àyà tàbí ikùn. Èrò wọn ni pé iná náà ń ta apá ọpọlọ tó ń mú kéèyàn wà lójúfò jí, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ síbẹ̀ dáadáa.

Ṣé ó ń wo èèyàn sàn?

Àwọn kan ti ṣe dáadáa sí i, pàápàá àwọn tó wà nípò kẹta. Àmọ́ èèyàn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí náà lò, àwọn aláìsàn míì sì máa ń sàn fúnra wọn, nítorí náà kò tíì dájú pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Iṣẹ́ abẹ náà tún léwu: kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́, wáyà sì lè yẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ torí ẹ̀, ẹ béèrè èyí

Ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta? Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009, èèyàn 44 ni àwọn tó ń tọ́jú wọn sọ pé kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fara balẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, 18 nínú wọn mọ nǹkan.

Tó bá jẹ́ pé orí ló fi ṣèṣe, ǹjẹ́ dókítà ti ronú kan oògùn amantadine? Ìwádìí ọdún 2012 lára èèyàn 184 fi hàn pé ó mú kí ara wọn tètè máa bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin náà lè gbé dígí síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa rọra gbé e lọ gbé e bọ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé e, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ yín.