Yíyọ t Kúrò Nínú Ìdọ́gba, àti Ààlà Tó Fi Sílẹ̀

Ìlú kan náà, Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n ti tẹ ìwé méjì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. La Géométrie ti René Descartes jáde ní 1637. Ní 1638, ìwé Galileo lórí sáyẹ́ǹsì tuntun méjì tẹ̀ lé e. Àhámọ́ ilé ni Galileo wà nígbà náà, ní Arcetri, Ìjọ Kátólíìkì sì ti fòfin de títẹ ìwé rẹ̀.

Galileo pín ìrìn ohun tí a jù sí méjì: ó ń lọ síwájú láì yí eré padà, ó sì tún ń já bọ̀, tí eré rẹ̀ sísàlẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tó pa méjèèjì pọ̀, párábólà ló bá pàdé. Àwòrán àti ìfiwéra ìwọ̀n ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Descartes ló fi ìdọ́gba kan ṣoṣo ṣàpèjúwe ìlà, àmọ́ kò gba irú ìlà Archimedes tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín mọ́ jiọ́mẹ́tírì, torí ìrìn méjì tí ìwọ̀n wọn kò ṣe é fi wéra geere ló ń fà á.

Tí a bá yọ àkókò, t, kúrò nínú ìrìn méjì ti Galileo, ìdọ́gba kan ṣoṣo bíi ti Descartes ló máa kù. Ẹ wo ọsàn tí a tì síwájú láti orí ògiri tó ga ní mítà 5, tó ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òòfà ilẹ̀ bá ń fi mítà 10 kún eré rẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí t jẹ́ iye ìṣẹ́jú àáyá, tí x jẹ́ bí ọsàn ṣe jìnnà sí ògiri, tí y sì jẹ́ bó ṣe ga sí ilẹ̀, x = 2t, y = 5 − 5t². Láti 0 ni t ti bẹ̀rẹ̀; ní 1, ọsàn kan ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí t = x/2, y = 5 − 5x²/4. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fàlà sí ìdáhùn. Fi 4 sípò x, y á di −15: ọsàn ti rì wọ ilẹ̀ ní mítà 15. Fi −2 síbẹ̀, y á di 0, bíi pé ọsàn ti gbéra nílẹ̀ lẹ́yìn ògiri kí a tó tì í. t nìkan ló mọ ìgbà tí ìrìn bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, a sì ti lé e lọ. Nítorí náà, 0 ≤ x ≤ 2 jẹ́ ara ìdáhùn.

Leonhard Euler, nínú ìwé rẹ̀ Introductio ti 1748, lo sáìnì àti kósáìnì gẹ́gẹ́ bí fọ́ńṣọ̀n. Nínú irú fọ́ńṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ààlà ti máa ń fara pamọ́ jù. Bí x = sin t, tí y = sin² t, y = x² la máa rí. Kò sí ààlà fún t, síbẹ̀ x kò lè kọjá −1 sí 1. Orí ègé párábólà yẹn ni ojú àmì (x, y) ti ń lọ tó ń bọ̀ títí láé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí x lè dé kí ẹ tó pa t rẹ́.