Ìtàn Ìṣòro Driver Káàdì Àwòrán, Láti Windows Vista dé Windows 11

Ọ̀rọ̀ nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí káàdì àwòrán nígbà tí Windows tuntun bá jáde kò sí lójú kan: díẹ̀ wà nínú ìwé ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà, díẹ̀ wà nínú ìkéde àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì, ìyókù sì wà lẹ́nu àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà bára mu. Ó yẹ kí a tò ó létòlétò fún àwọn ará Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network fojú díwọ̀n rẹ̀ pé kọ́ńtéínà ẹ̀rọ àlòkù bíi 500 ló ń wọ Èkó lóṣooṣù.

Káàdì àwòrán ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé gbogbo ohun tí ojú ń rí jáde. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í dá dúró, ara àwọn ẹ̀yà tó gbé ẹ̀rọ náà ró ni wọ́n máa ń kọ́ ọ mọ́. Driver ni ètò tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín káàdì yìí àti Windows. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì, bíi Nvidia, AMD tàbí Intel, ló máa ń kọ driver rẹ̀, kì í ṣe Microsoft tó ni Windows. Nítorí náà, bí Microsoft bá yí ìlànà padà, tí ilé-iṣẹ́ káàdì kò sì kọ driver mìíràn, káàdì tí kò ní àbùkù kankan lè di aláìwúlò.

Kí Vista tó dé, ti 3dfx nìkan ló yẹ ní mímẹ́nubà: ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé kí Windows XP tó jáde ní 2001, àwọn káàdì Voodoo rẹ̀ kò sì rí driver XP gidi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Windows Vista, tó bọ́ sọ́jà fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2007, ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Microsoft gbé ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní WDDM kalẹ̀, ó kó èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ driver kúrò ní ìpìlẹ̀ Windows kí àṣìṣe kan má baà dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó di dandan kí wọ́n tún driver kọ. Ohun tí ẹni tó ń lò ó rí ni pé ojú kọ̀ǹpútà á dédé ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún mọ́lẹ̀, ìkìlọ̀ kékeré á sì yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pé driver àwòrán dákẹ́, ó sì ti padà bọ̀ sípò. Ti káàdì Intel 915 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní driver WDDM rárá, síbẹ̀ láti 2006 ni wọ́n ti ń lẹ àmì pé ó lè lo Vista mọ́ láptọ́ọ̀pù tó ní in. Àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sílé-ẹjọ́ ní Seattle ní 2007, àwọn lẹ́tà tó tú síta ní 2008 sì fi hàn pé Microsoft dẹ òfin àmì náà nítorí Intel. Ní 2009, Adájọ́ Marsha Pechman kò gbà kí wọ́n máa bá ẹjọ́ náà lọ ní àpapọ̀ mọ́.

Ta ló jẹ̀bi? Nínú ìwé ẹjọ́ kan náà, àkọsílẹ̀ Microsoft ti 2007 ka 28.8% nínú ìdákú Vista sí driver Nvidia lọ́rùn, 17.9% sí Microsoft fúnra rẹ̀, 9.3% sí ATI tó jẹ́ ti AMD, 8.8% sí Intel. Àwọn kan fi èyí dá Nvidia nìkan lẹ́bi, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àkọsílẹ̀ náà kò sọ iye ènìyàn tó ń lo káàdì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, Intel, tí káàdì rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tó pọ̀ ju ti Nvidia lọ, kò ní tó ìdámẹ́ta ìdákú Nvidia. Lọ́wọ́ kejì, Steven Sinofsky, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá Microsoft, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò gbà pé Vista yóò jáde lóòótọ́, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí 2006 fi ń lọ sópin. Ẹ̀bi náà pín sí méjì: Nvidia kò tètè ṣetán, Microsoft kò sì dúró. Ti àwọn tó ní kòkòrò kọ̀ǹpútà ló fa gbogbo rẹ̀ kò ní ẹ̀rí.

Windows 7 ti 2009 di WDDM mú, ara sì tu àwọn ènìyàn. Ìṣòro padà wá pẹ̀lú Windows 10 ní 2015, nítorí Intel kò kọ driver Windows 10 fún káàdì HD 3000 rẹ̀, irú èyí tó wà nínú Dell Latitude E6420 ti 2011. Láptọ́ọ̀pù kékeré tó ní káàdì Intel GMA 3600 kò tilẹ̀ ní ju driver Windows 7 oní-32-bit lọ. Bí wọ́n bá fọ́ọ̀máàtì rẹ̀ sí Windows 10, orúkọ tó máa ń hàn nínú Device Manager ni Microsoft Basic Display Adapter, lẹ́tà á tóbi gbàgbà, fídíò á máa já, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì ní ṣeé dín kù.

Windows 11, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2021, ń béèrè káàdì tó lè lo DirectX 12, ìyẹn ètò àwòrán Microsoft, àti driver WDDM 2.0, Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ l'Óṣogbo tàbí Iléṣà kọ́kọ́ béèrè orúkọ káàdì àwòrán rẹ̀, kó sì wò ó bóyá ẹni tó ṣe é ti kọ driver fún Windows tí wọ́n fẹ́ fi sí i, kó tó san owó. Kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà sì wádìí rẹ̀ kó tó fọ́ọ̀máàtì ẹ̀rọ oníbàárà.