Criticism, Pīpíng àti Àríwísí

Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, criticism, ti wá, láti ara krinein: kí a ya nǹkan sọ́tọ̀, kí a sì dá a lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ajọ̀ ni: èlùbọ́ kúnná bọ́ sísàlẹ̀, èérún dúró lókè. Nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ó dúró fún títọ́ka àléébù, ó sì tún dúró fún fífi ìmọ̀ wo ìwé tàbí eré láti sọ bó ṣe rí.

Pīpíng ni ìwé atúmọ̀ èdè sábà máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ èdè Ṣáínà. Pīpíng náà kan ìwé àti eré, àmọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn lójoojúmọ́, ìbáwí ló borí níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá jágbe mọ́ ọmọ tó pẹ́ dé, pīpíng ni. Ìdí nìyí tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé olùkọ́ ṣe criticism òun, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n kàn bá a wí ni. Gírámà rẹ̀ ò lábùkù. Ọ̀rọ̀ ló ṣì yàn. Ìtumọ̀ ẹyọ kan ló fa èyí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń wò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí Bàrígà nílùú Èkó. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, wà ní Akọka nítòsí ibẹ̀, Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius tó ń kọ́ni lédè Ṣáínà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá bá pīpíng pàdé níbẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá a máa bá ọmọ wí, kì í bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹgbẹ́ alátakò ló ń bẹnu àtẹ́ lu ìjọba. Lámèyítọ́ jẹ́ ti àwọn onílítíréṣọ̀, ó sì gbé “mọ èyí tó tọ́” sínú, bí ẹni pé àṣìṣe ò lè bá onítọ̀hún.

Àríwísí ló sún mọ́ criticism jù, a sì lè rí i ní Ṣómólú, l'Ékòó níbẹ̀ náà, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Kí káàdì ìgbéyàwó tó wọ ẹ̀rọ, atẹ̀wé á mú prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò, fún oníbàárà. Ìyẹn á fi báírò pupa yí orúkọ ìyàwó tí wọ́n kọ sódì ká, á ní àwọ̀ wúrà yẹn ti ṣú jù, àmọ́ òdòdó etí rẹ̀ dára. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún káàdì bá ti jáde tòun ti àṣìṣe yẹn, ọ̀gá á kọjú sí ọmọ iṣẹ́. Pīpíng ṣì bá èyí mu. Criticism ò bá a mu mọ́.