Fìdíhẹ

"Fi", "ìdí" àti "hẹ" ló para pọ̀ di fìdíhẹ: kéèyàn fi ìdí kan àga láì jókòó dáadáa. Ohun tó wà fún ìgbà díẹ̀ la wá ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ìjọba fìdíhẹ tí Ernest Shonekan darí ní Nàìjíríà lọ́dún 1993 kò pé oṣù mẹ́ta. Bí a ṣe ń lò ó nìyí: "Olùkọ́ fìdíhẹ ni Bọ́lá ní yunifásítì, bí sáà bá ti parí, kò mọ̀ bóyá wọ́n á tún pe òun."

Àwọn kan ń pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní adelé. Wọ́n ṣì í lò. Ẹni tó ń di ipò ẹlòmíì mú ni adelé. Bí adelé ọ̀gá àgbà yunifásítì bá gbé ipò sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìwé àdéhùn olóṣù díẹ̀ nìkan ni ti olùkọ́ fìdíhẹ. Òdìkejì rẹ̀ lẹni tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀.