Ta Ló Sanwó Ọkọ̀?

Ní ọdún 1855, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta wọkọ̀ ojú omi ní Freetown, ó di London. William Broughton Davies, James Horton àti Samuel Campbell lorúkọ wọn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sì ni wọ́n. Yorùbá ni òbí Davies, Ìgbò ni ti Horton. Inú ọkọ̀ ẹrú ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn ẹbí wọn sílẹ̀ tí wọ́n fi dé Sàró. Ìran wọn tún ń wọkọ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ìwé ni wọ́n ń lọ kà, ilé iṣẹ́ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sanwó.

Ìjọba kò ṣàdédé lawọ́. Ibà ti sọ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà di ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ń lọ tí wọn kì í bọ̀. Àwọn ológun wá ń wá ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n lè kọ́ níṣẹ́ ìṣègùn, wọ́n sì ní kí ìjọ ajíhìnrere C.M.S. bá àwọn yàn wọ́n. Iṣẹ́ àlùfáà ni Horton ń múra sílẹ̀ fún kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Bó ṣe di ẹni tó ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà nìyẹn.

King's College ní London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Davies gboyè dókítà ní St Andrews ní 1858, Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Scotland yìí ni Horton wà tó fi fi Africanus kún orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó sì tó àkókò láti kọ ìwé àṣekágbá, àrùn ilẹ̀ òtútù kọ́ ló mú. Ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti àìsàn etíkun tí wọ́n ti bí i ló kọ̀wé lé lórí.

Àwọn méjèèjì padà wá bí ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, wọ́n rán wọn sí Gold Coast. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà òyìnbó kan kò fẹ́ kí adúláwọ̀ bá àwọn dọ́gba. Ní 1861, Horton kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ogun pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ níṣẹ́ ìṣègùn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gan-an. Wọn ò ṣe é, wọn ò sì rán ẹlòmíràn lọ mọ́. Ẹni tó ṣí àpò náà ló pa á dé.

Ìjọ C.M.S. ti ń ṣe irú ètò yìí tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ ogun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní 1827, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Olùkọ́ àti oníwàásù ni ìjọ ń wá, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ láti rán ọmọ wọn lọ kàwé. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò rán ọmọ mẹ́fà lọ sókè òkun. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1945, fi ríràn àwọn ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ láti kàwé sára ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Sikọ́láṣíìpù ìjọba ní bọ́ǹdì tirẹ̀: onítọ̀hún á tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà wá sìn ín. Ìlú tó dáwó kì í sábà kọ ìwé kankan, àmọ́ gbogbo ọjà ló mọ iye tó wọlé.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yọ́ lọ. Ìpàdé àdúrà á wà, á ya fọ́tò pẹ̀lú kóòtù tuntun, àwòrán náà sì lè jáde nínú ìwé ìròyìn Èkó. Gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún á wọ àpótí. Lọ́jọ́ ìlọ, ẹbí àti ọmọ ìjọ á kún etí omi. Ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ nígbà náà. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Láti Èkó dé Liverpool tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ á ya Freetown, á ya Las Palmas, lẹ́yìn náà ni òtútù á bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ tán, ó ku ibi tí wọ́n máa sùn. Onílé tó bá rí adúláwọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè ní yàrá ti tán. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní London ní 1925. Láti 1929 sí 1932 ló fi yí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ká tó ń wá owó ilé ibùgbé, wọ́n sì ṣí ilé náà sí Camden Town ní 1933. Lọ́dún kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, Aggrey House, lẹ́yìn. Inú WASU kò dùn: lójú tiwọn, ńṣe ni ìjọba fẹ́ máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1948, yunifásítì dé ìtòsí. Wọ́n ṣí University College sí Ìbàdàn, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé ìwòsàn ológun tí wọn ò lò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Chinua Achebe wọlé lọ́dún náà. Sikọ́láṣíìpù ló mú un wá, ìṣègùn ló sì wà fún. Kò ju ọdún kan lọ tó fi bọ́ sídìí lítíréṣọ̀, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ni sikọ́láṣíìpù bá bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Augustine, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ owó tó yẹ kó fi lọ lo ìsinmi nílé, ó fi ràn án lọ́wọ́. Achebe gboyè ní 1953, ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1958.