Iṣẹ́ Àdúgbò Kí Òjò Tó Dé

Òwe: Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ìtumọ̀: Ejò kì í kó ara wọn jọ rìn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá pàdé ọ̀kan fi ń lù ú pa. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò tí kò ṣọ̀kan rí.

Àlàyé: Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn baba wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ ń ro oko ara wọn: ti ẹnìkan lónìí, ti ẹnìkejì lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ló ń bẹ àwọn ènìyàn. Oúnjẹ ni yóò fún wọn, kì í ṣe owó.

Lóde òní, ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ń ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, wọn a kó pàǹtí inú gọ́tà, wọn a gé koríko, wọn a dí kòtò ojú ọ̀nà.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Pàǹtí tó dí ojú odò wà lára ohun tó fà á. Pàǹtí tí ará òkè dà sí gọ́tà, ilé ará ìsàlẹ̀ ló ń bá omi wọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ bi àwọn òbí yín ní ọjọ́ iṣẹ́ àdúgbò yín, kí ẹ sì mú ìgbálẹ̀ dání.